Rìsíìtì Méjì

Mo ń wá ìbọ̀wọ́ mi nínú báàgì iṣẹ́ láàárọ̀ yìí ní Moosonee,
rìsíìtì méjì ni mo bá nísàlẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ra.
Ọ̀kan ti Waianae ni, ní erékùṣù Oahu, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn,
ìnkì rẹ̀ ti ń pa rẹ́: mílíìkì, dọ́là mẹ́sàn-án.
Èkejì ti àná: mílíìkì, dọ́là mẹ́tàlá àti sẹ́ńtì díẹ̀.
Ọkọ̀ ojú omi ló gbé ti àkọ́kọ́ dé,
rélùwéè ló gbé ti èkejì la yìnyín kọjá.
Mo jókòó, mo tẹ́ wọn sórí itan,
mo ń rántí ìyá méjì tí mo máa ń fọ ẹsẹ̀ wọn.

Wainani Keaweamahi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Àtọ̀gbẹ ti mú ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì lọ.
Abẹ́ tapólì ló ń gbé létí òkun,
orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tó ń dúró de ilẹ̀ baba wọn;
bàbá rẹ̀ wà nínú ìwé kan náà títí ó fi kú.
Àwọn àlejò tó wá ya fọ́tò òkun
á ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó sún díẹ̀, kó má baà wọnú fọ́tò.
Ó máa ń sún.
Ọmọ onílẹ̀ ní í tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ la ń pa á lówe;
a ò mọ̀ pé ìbẹ̀rù ọlọ́pàá lè kọ́ ọmọ onílẹ̀ ní ìrìn náà.

Tapólì kò lè bá òtútù ibí jà.
Ènìyàn mẹ́rìnlá ni wọ́n nínú yàrá mẹ́ta nílé Philomena Wabano,
wọ́n ń sùn ní ṣíìfù bí òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì,
ẹni tó jí á fi ibi tó ti gbóná sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀.
Ògiri ti bu, ó dúdú lẹ́yìn àwòrán Màríà,
ó dúdú lókè bẹ́ẹ̀dì ọmọ.
Lókè etíkun, níbi tí wọ́n bí i sí,
bí yìnyín odò bá ti ń yọ́, bàálù ni wọ́n fi ń kó ìlú sá.
Odò ńlá níwájú ilé, omi inú ike lórí tábìlì.

Ẹ má bi mí pé èwo ló sàn.
Ibì kan, gbogbo ayé ló fẹ́ kọ́lé síbẹ̀.
Ibì kejì, kò sẹ́ni tó fẹ́ wá kọ́lé.
Ọmọ ibẹ̀ kò rílé gbé ní méjèèjì.
Wọ́n ní ilẹ̀ Philomena kò jámọ́ nǹkan kan,
àfi ìgbà tí wọ́n rí ohun tó ń dán lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá àwọn méjèèjì ni wọ́n nà nílé ìwé nítorí èdè ẹnu wọn.
Mo ní èmi náà gbé pátákó kọ́rùn ní Ìkirè
nítorí pé mo sọ Yorùbá nínú kíláàsì.
Philomena ní, "Ta ló gbé e kọ́ ẹ? Òyìnbó?"
Mo ní rárá o, Tíṣà Adégoróyè ni, ará àdúgbò wa.
Ó dákẹ́, ó pẹ́.

N kò tíì sọ fún un pé wọ́n ń san owó ìfaradà òtútù fún mi,
nítorí pé mo gbà láti wá gbé níbi tí òun ń gbé.
Ọmọ rẹ̀ ló ń fọ ilẹ̀ ọsibítù wa.
Òtútù kan náà ni. Wọn kì í san tirẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ti ń di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bi mí:
"Ilẹ̀ tiyín ńkọ́, ta ló wà lórí rẹ̀?"
Púlọ́ọ̀tì méjì ni bàbá mi ní.
Ó tà wọ́n kí n lè rí owó físà san.
Ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí.
Mo ní, "Ó wà níbẹ̀."
Mo so báńdéèjì náà le ju bó ṣe yẹ lọ,
mo tún un tú, mo tún un so.

Mo ti ká rìsíìtì méjèèjì padà.
Ìbọ̀wọ́ mi, n kò tíì rí i.